Ọ̀já tí àwọ̀ rẹ̀ ti sá kí ọmọ tó gun ẹ̀yìn: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Kàbà

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá

Ní oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, agbẹ̀bí kan gbé iṣẹ́ wá sí ilé ìhunṣọ kan ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọgbọ̀n ọ̀já ìpọmọ ni. Kíjìpá funfun ni kí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n sì tẹ ìlà aláwọ̀ kan sí àárín rẹ̀, ìlà tí àwọ̀ rẹ̀ yóò pòórá bí ara ọmọ bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Bí ìyá bá sọ ọmọ kalẹ̀, á wo ọ̀já, á mọ̀ bóyá ibà ti wọlé.

Èrò rere ni, kò sì ṣàdédé wá. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ti rí ohun méjì tó jọ ọ́. Èkíní ni ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé lé iwájú orí ọmọ, tí nọ́ńbà máa ń hàn lára rẹ̀. Èkejì ni àmì kékeré ara ìgò àjẹsára, onígun mẹ́rin funfun tó wà nínú òbìrí, tó ń dúdú díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá ṣe ń jẹ àjẹsára náà. Láti 1996 ni wọ́n ti ń lò ó, ara àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wo méjèèjì lójoojúmọ́ kò ní rí ìdí tí aṣọ kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé ìhunṣọ náà ra 100 giramu àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú láti Èkó. Pupa ni, wọ́n sì kọ "31°C" sára ike rẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ báíńdà, oje tí àwọn atẹ̀wé sáṣọ fi ń mú àwọ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ, wọ́n fi síkírìnì, àsẹ́ ìtẹ̀ṣọ, tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọgbọ̀n ọ̀já náà kọ́ sórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní aago méje àárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìlà náà ló pọ́n dáadáa. Kí aago mọ́kànlá tó lù, funfun ni gbogbo wọn, kò sì sí ọmọ kankan nítòsí. Nígbà tí agbẹ̀bí náà dé lọ́sàn-án láti wá wo iṣẹ́, kò rí ìlà kankan. Ohun tó sọ fún ìyá tó ni ilé ìhunṣọ náà kò ju pé, "Ìyá, wọ́n ti ta ayédèrú fún yín." Ayédèrú kọ́. Ojúlówó ni lẹ́búlẹ́bú náà, ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló sì ń ṣe.

Ohun tó wà nínú lẹ́búlẹ́bú náà

Ẹni tó bá ti pa aró rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n, afẹ́fẹ́ ló sì ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Èròjà kan náà ló ní ìrísí méjì, ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ àti ọ̀kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pe ìrísí kejì yẹn ní leuco, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí funfun. Nínú aró, afẹ́fẹ́ ló ń yí i padà. Nínú lẹ́búlẹ́bú tí à ń sọ yìí, ooru ni.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni èròjà tó ń mú àwọ̀ wá. Crystal violet lactone ni wọ́n máa ń lò jù fún aláwọ̀ aró. Èkejì ni ásíìdì tí kò le, irú bisphenol A. Èkẹta ni ọ̀rá. Nígbà tí ọ̀rá náà bá dì, ásíìdì á di èròjà àkọ́kọ́ mú, àwọ̀ á sì hàn. Nígbà tí ọ̀rá bá yọ́, á fa ásíìdì mọ́ra, èròjà náà á padà sí ìrísí aláìláwọ̀. Nítorí náà, ọ̀rá ló ń pinnu ìwọ̀n ooru tí àwọ̀ yóò sá. Dodecanol ń yọ́ ní nǹkan bí 24°C, tetradecanol ní 38°C, hexadecanol ní 49°C. Ẹni tó ń ta lẹ́búlẹ́bú "38°C" fún ọ kò yí àwọ̀ padà rárá. Ọ̀rá ló yí padà.

Ìwà òrí ni kí o fi sọ́kàn. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òrí dì gbagidi nínú igbá. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, ó ti di òróró. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí atẹ́gùn tútù dé, kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń pẹ́ bí òróró kó tó rántí pé òun ti yẹ kí òun dì. Ọ̀rá inú lẹ́búlẹ́bú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìwọ̀n ooru tí àwọ̀ fi ń lọ ga ju ìwọ̀n tí àwọ̀ fi ń bọ̀. Ààlà àlọ àti ààlà àbọ̀ kò sí lójú kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláṣọ ti ń ṣìnà, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa ń wà lára ike.

Wọ́n á wá fi èèpo líle kan tí wọ́n fi melamine, irú ike líle kan, ṣe bo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí èèpo ẹyin ṣe bo funfun àti pupa ẹyin. Ẹyin yìí kéré: láti 1 sí 10 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìpín mìlímítà. Bí èèpo bá fọ́, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tú ká, iṣẹ́ wọn á sì parí. Ẹni tó bá fi ọlọ, odó tàbí bùléńdà lọ̀ ọ́ kí ó lè kúnná, ẹyin ló ń fọ́.

Kí ìdàrúdàpọ̀ má bàa wà: rìsíìtì POS náà ń lo irú èròjà àwọ̀ àti ásíìdì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà òdìkejì ló gbà. Lórí ìwé yẹn, àwọn méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ooru ló ń yọ́ wọn pọ̀, tí ìwé fi ń dúdú. Fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan rìsíìtì kan, wàá rí i. Dúdú yẹn kì í sì padà di funfun nígbà tí ìwé bá tutù.

Níbi tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dàrú

Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú iṣẹ́ náà. Méjì kéré, a ó tètè sọ wọ́n. Wọ́n tẹ ìlà náà sórí ọ̀já mẹ́ta tí òwú aró wà nínú rẹ̀, kò sì hàn rárá. Irú àwọ̀ yìí kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí omi aláwọ̀ ló rí, orí funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ sínú báíńdà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dì ní kókó bíi gàrí tí omi kò kárí. Kókó yẹn ló di tótòtó sórí aṣọ.

Àṣìṣe kẹta ni oòrùn. Ọ̀já márùn-ún tí wọ́n sá sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ́n mọ́, àní ní òwúrọ̀ tó tutù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ba èròjà àwọ̀ náà jẹ́ fún ìgbà gbogbo. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru, nítorí bí o bá gbé irú aṣọ yẹn sínú yàrá gbígbóná tó ṣókùnkùn, á padà bọ̀ sípò nígbà tó bá tutù.

Èkẹrin ló pa iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ tí yàrá ti máa ń wà ní nǹkan bí 20°C ni "31°C" bá mu. Níbẹ̀, aṣọ á láwọ̀ títí di ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá kàn án. Kàbà kì í ṣe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru abẹ́ ibòji nìkan máa ń kọjá 33°C, abẹ́ páànù tí kò ní sílìnì sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n

Ìdánwò tó fi òótọ́ hàn kò ná wọn ju tẹmómítà oníwáyà kan lọ. Wọ́n gé 10 sẹ̀ǹtímítà nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀já náà. Wọ́n bu omi 25°C sínú abọ́ ike, wọ́n ri ẹnu tẹmómítà àti aṣọ sí i pọ̀, wọ́n sì ń fi ṣíbí bu omi gbígbóná láti inú fúláàsì kún un títí ooru fi gòkè ní dígírì kan. Wọ́n á rò ó, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á fi aṣọ náà wé èkejì rẹ̀ tí kò kúrò nínú omi tútù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì. Kíjìpá ki, ooru kì í tètè dé inú òwú rẹ̀, ẹni tó bá kánjú á kọ nọ́ńbà omi sílẹ̀ ní ipò nọ́ńbà aṣọ. Nígbà tí wọ́n dé 40°C, wọ́n ń fi omi àmù dín in kù bákan náà, dígírì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà àlọ, pupa náà pé títí dé 28°C. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣá ní 29, ó ku ìdajì ní 30, ó tán ní 32. Nígbà àbọ̀, funfun ni títí tó fi dé 29. Ní 28 ni pupa díẹ̀ yọjú, ìgbà tó di 26 ló tó pé. Ìyẹn ni pé ní 29°C, aṣọ kan náà lè pọ́n, ó sì lè funfun; ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ló ń sọ èwo ni yóò jẹ́.

Wọ́n wá gbé tẹmómítà sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ 24°C ní aago méje àárọ̀, 32°C ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, 36°C ní aago méjì ọ̀sán, 31°C ní aago méje alẹ́. Fi èyí wé nọ́ńbà tó wà lókè. Àwọ̀ tó bá ti sá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ kò ní padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó di òru kí yàrá tó dé 28°C. Ohun tí agbẹ̀bí náà rí lọ́sàn-án, kò sí bí ì bá ṣe rí ohun mìíràn.

Ìdí tí a kò fi lè fi ọ̀já mọ ibà

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ilé ìhunṣọ náà ni pé kí wọ́n ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga. Wọ́n ń ta 33, wọ́n ń ta 35, wọ́n ń ta 38. Níbi yìí ló yẹ kí wọ́n dúró, wọ́n sì dúró.

Ara ọmọ tuntun tó dá wà láàárín 36.5°C àti 37.5°C. Bí tẹmómítà abíyá bá ti ka 37.5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, ibà ni wọ́n ń kà á sí. Nítorí náà, ìyàtọ̀ ọmọ tó dá àti ọmọ tó ń gbóná lè máà ju dígírì kan lọ. Ìlà ara aṣọ, ìwọ ti rí i, nílò dígírì mẹ́rin kó tó kúrò ní pupa pípé di funfun. Òṣùwọ̀n tí ìlà rẹ̀ ki ju ohun tó fẹ́ wọ̀n lọ kò lè wọ̀n ọ́n.

Kò tán síbẹ̀. Àárín ara méjì ni ọ̀já wà. Ẹ̀yìn ìyá ń gbóná, ọmọ ń gbóná, oòrùn ọ̀nà oko ń ta lé wọn lórí. Ìlà náà ń sọ ìwọ̀n ooru ti ara rẹ̀ ni, kì í sọ ti ọmọ. Ìyá tó rìn láti oko dé ilé lọ́sàn-án á rí i pé àwọ̀ ti sá, ara ọmọ á sì dá. Lóru tó tutù, tí ibà ń jà lábẹ́ aṣọ, ìlà tó wà níta lè pọ́n dáadáa. Èyí kejì ló ń dẹ́rù bani. Ọ̀já tó bá sọ fún ìyá pé ara ọmọ dá, nígbà tí kò dá, ó burú ju ọ̀já lásán lọ, torí ìyá tó ní ọ̀já lásán á fi ọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀.

Ti ike iwájú orí ńkọ́? Ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Kírísítà olómi ni, ìdílé èròjà tí Friedrich Reinitzer kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní 1888, nígbà tó rí i pé cholesteryl benzoate ń yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní 145.5°C àti ní 178.5°C. Ọ̀nà tí ó gbà ń tan ìmọ́lẹ̀ padà ni ooru ń yí, láti pupa sí aró, lórí ohun dúdú. Ó lè fi ìyàtọ̀ dígírì kan tàbí ìdajì rẹ̀ hàn, nítorí náà ó yẹ iṣẹ́ ibà ju ti leuco lọ. Ṣùgbọ́n òróró ara àti oòrùn ń bà á jẹ́, inú ike tí wọ́n dì pa ló gbọ́dọ̀ wà. Kíjìpá tí wọ́n ń fọ̀ kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Àmì ìgò àjẹsára sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Òun máa ń rántí. Ooru tó bá ti jẹ ẹ́ kò ní tú kúrò lára rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ padà sínú fíríìjì. Àwọ̀ leuco ń gbàgbé.

Ìdí kan ṣì kù tó fi yẹ kí ìlà náà kúrò lára ọ̀já: ọmọ ń jẹ ọ̀já lẹ́nu. Bisphenol A tó lè wà nínú àwọ̀ náà ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè nínú ìgò oúnjẹ ọmọ láti 2011, tí wọ́n sì ti dín in kù nínú ìwé rìsíìtì láti oṣù kìíní 2020 sí ohun tí kò tó ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ń ṣe àwọ̀ yìí láìlo bisphenol A, béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bó o tilẹ̀ rí ìwé náà gbà, má ṣe fi í síbi tí ẹnu ọmọ lè dé.

Iṣẹ́ tó rọ́pò rẹ̀

Ohun tí àwọ̀ leuco mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni láti ya ohun tó jìnnà síra sọ́tọ̀. Ìyá aláṣọ náà ló mú ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀ ìkókó wá. Omi tó bá ara ọmọ mu wà ní nǹkan bí 37 sí 38°C. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ń lọ sí 100. Omi 60°C lè bó awọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ náà sì lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ìkòkò gbígbóná fún ogójì ọdún. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn kì í tètè mọ ooru mọ́. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n lo ìgúnpá.

Bí ọgbọ̀n ọ̀já ṣe di ọgbọ̀n ìtànná aṣọ nìyẹn, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn ní 25. Etí abọ́ ìwẹ̀ ni wọ́n á so ó mọ́, kì í ṣe ara ọmọ. Lẹ́búlẹ́bú "38°C" ni wọ́n rà lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi omi wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun: nígbà àlọ, ó pé títí dé 35, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣá ní 36, ó ṣá gan-an ní 37 sí 38, ó tán ní 39. Nígbà àbọ̀, kò yọjú títí fi di 35, ó pé ní 33.

Wọ́n fi àwọ̀ pupa sílẹ̀, wọ́n mú aláwọ̀ aró. Ní ilẹ̀ Bùnú tó múlé gbe Kàbà, pupa ní ipò tirẹ̀: aṣọ ìpò ni, aṣọ ìsìnkú àgbà. Kò sídìí láti gbé irú àwọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọgbọ́n àmì àjẹsára ni wọ́n yá lò fún àpẹẹrẹ rẹ̀, mo sì rò pé òun ló gba iṣẹ́ náà là. Ojú kì í mọ "ó ti ṣá díẹ̀" bí kò bá rí ohun tí yóò fi wé. Wọ́n fi aró ìtẹ̀ṣọ lásán, èyí tí kì í yí padà, tẹ òbìrí tó fẹ̀ ní 4 sẹ̀ǹtímítà. Àárín rẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní funfun, ni wọ́n tẹ onígun mẹ́rin oní 2 sẹ̀ǹtímítà sí pẹ̀lú àwọ̀ olóoru. Bí àárín bá bá òbìrí dọ́gba, omi kò tíì gbóná tó. Bí ó bá ṣá ju òbìrí lọ ṣùgbọ́n tó ṣì hàn, omi dára. Bí àárín bá ṣófo, má gbé ọmọ sínú rẹ̀.

Àwọ̀ òbìrí náà ni wọ́n fi àwọ̀ funfun là títí tó fi bá àárín dọ́gba. Inú omi 30°C ni kí o ti ṣe ìfiwéra yìí, kì í ṣe lórí aṣọ gbígbẹ. Aṣọ tútù máa ń dúdú ju gbígbẹ lọ, inú omi ni ìyá yóò sì ti wò ó.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́

Òwú tí wọ́n fi hun kíjìpá ti jẹ ògì kó lè le lórí òfì. Ògì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí rẹ̀ ni báíńdà máa jókòó sí, á sì ṣí kúrò nígbà ìfọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin. Fún 250 giramu aṣọ, 5 lítà omi, 10 giramu sódà ìfọṣọ àti 10 giramu ọṣẹ. Sè é fún ìṣẹ́jú 45, ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Kán omi kan sórí aṣọ náà nígbà tó bá gbẹ. Bí omi bá jókòó bí ìlẹ̀kẹ̀, padà lọ sè é. Bí aṣọ bá gbé e mì lójú ẹsẹ̀, ó ti ṣe tán.

Àpòpọ̀ náà jẹ́ 10 giramu lẹ́búlẹ́bú sí 40 giramu báíńdà. Ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ ọgbọ̀n ìtànná kò ní ju giramu díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n síkírìnì àti ohun tí wọ́n fi ń fà á máa ń gba tiwọn, àpòpọ̀ tó bá kéré jù kì í ṣeé fà. Fi aṣọ bo imú kí o tó ṣí ike, torí lẹ́búlẹ́bú yìí ń fò, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́. Kán omi mímọ́, 10 mìlílítà, sí lẹ́búlẹ́bú náà díẹ̀díẹ̀, fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu tó ki. Jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Ìgbà náà ni kí o da báíńdà sí i, kí o rò ó pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o sì sẹ́ ẹ pẹ̀lú sítọ́kìn tó mọ́. Kókó tó bá kù sórí sítọ́kìn, tún fi omi tẹ̀ ẹ́. Má lọ̀ ọ́.

Síkírìnì tí òwú rẹ̀ jẹ́ 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan ló bá kíjìpá mu. Èyí tó há jù kò ní jẹ́ kí àwọ̀ tó ó wọlé. Tẹ òbìrí kọ́kọ́, jẹ́ kó gbẹ. Tẹ àárín, fà á lẹ́ẹ̀mejì, fi í sí ibòji fún ogún ìṣẹ́jú, kí o tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpele kan ṣoṣo máa ń rẹ̀ jù lórí aṣọ tó hunjọ bẹ́ẹ̀. Fi í kọ́ di ọjọ́ kejì.

Lílọ̀ ló kù. Áyọ́ọ̀nù iná tí wọ́n yí sí àmì tótòtó méjì kì í sábà kọjá 150°C, òun ni kí o lò. Tótòtó mẹ́ta ń lọ sí 200. Gbé ìwé funfun lásán lé aṣọ, lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. Gbogbo àárín rẹ̀ á funfun báláú bí o ti ń lọ̀ ọ́. Má bẹ̀rù, kò jó. Bó bá tutù, á padà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò yẹ iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí bí a ṣe lè mọ ìgbà tó ti kọjá ààlà. Bí kò bá sí iná mànàmáná, dúró de iná.

Bí wọ́n ṣe ní kí àwọn ìyá máa lò ó

Òfin kan ló ṣáájú gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́ ri ìtànná náà sínú omi àmù. Omi inú àmù máa ń tutù ju yàrá lọ, kì í sì gbóná bó ti wù kí ọ̀sán mú tó. Ó ń mú àwọ̀ padà bọ̀ sípò kí wọ́n tó wọ̀n omi ìwẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lọ́sàn-án oṣù kẹta lè fi ìtànná tí abẹ́ páànù ti mú ṣá wọ̀n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì rò pé ó gbóná. Bákan náà, bí omi bá gbóná jù tí wọ́n sì bu tútù lé e, ìtànná tó ti funfun kò ní padà ní 37°C. Ó gbọ́dọ̀ tún kan omi àmù ná. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó wà nínú omi ìwẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí o tó kà á, kí o sì ti rò omi náà, torí òkè omi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbóná dọ́gba. Ìgúnpá ṣì ni kó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Fún ìfọ̀, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni. Blíìṣì ń ba àwọ̀ náà jẹ́. Kẹrosíìnì, bẹntiróòlù àti tínà tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n ń wọ inú èèpo ẹyin náà lọ. Omi gbígbóná gan-an àti áyọ́ọ̀nù tó le ló pa ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì Hypercolor, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi irú àwọ̀ olóoru yìí ṣe, tó gbòde ní Amẹ́ríkà ní 1991. Ìfọ̀ kan péré tí wọ́n bá ṣì ṣe ti tó láti bà á jẹ́.

Láti fi ọ̀rọ̀ oòrùn han àwọn tó ń ṣiyèméjì, wọ́n fi ìwé fóìlì wé ìdajì ìtànná kan, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n tú u tí wọ́n rì í sínú omi àmù, ìdajì tó wà lábẹ́ fóìlì jẹ́ aró pípé. Ìdajì kejì kò ju eérú lọ. Ìlà tó pín wọn tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Wọ́n gán an mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe fún oníbàárà mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n gba ọgbọ̀n ìtànná náà padà, wọ́n sì tún fi omi wọ̀n wọ́n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣì ń ṣá ní 36°C, wọ́n sì tán ní 39. Mẹ́ta ti bàjẹ́: wọ́n ti ki méjì bọ blíìṣì pẹ̀lú ìtẹ́dìí, wọ́n sì so ẹ̀kẹta mọ́ ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Wọ́n ti wá fi òwú dúdú rán àmì oòrùn kékeré kan tí wọ́n dábùú rẹ̀ sí etí gbogbo ìtànná tí wọ́n ń ṣe báyìí.